Nígbà Tí Ẹ̀jẹ̀ Bá Pọ̀ Jù

Ẹ̀yin ará wa ní òkè-ọya, ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ fi ilẹ̀ bàbá yín sílẹ̀ wá ṣe àtìpó ní Jọ́ọ̀sì àti ní àwọn ìlú tí ó yí i ká, kí a tó sọ ohun tí ó wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣe bí a ti máa ń ṣe. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ obìnrin wa bí ìbejì, ọkùnrin méjì. Ara le tìyá-tọmọ, a sì ti jẹ ẹ̀wà wọn. Ìdílé tí ó lọ sin ìyá wọn nílé ti padà dé ní àlàáfíà, wọ́n ní kí a bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó fi owó àti ẹsẹ̀ bá wọn ṣe é. Ọmọ wa obìnrin kan sì ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Òun ni ó bá wa yẹ ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí wò, kí a má baà ṣì í sọ.

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa, télọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbé aṣọ ọdún fún rí. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ́, ó ní kí a má sì ṣe bo ohunkóhun. Ó tó bí ọdún kan tí ó ti ń ráhùn pé orí ń fọ́ òun, pé òòyì ń kọ́ òun bí òun bá dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, pé etí òun ń hó. Ojú rẹ̀ a máa pọ́n. Bí ó bá sì fi omi gbígbóná wẹ̀ tán, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń ṣe ní ìlú olótùútù yìí, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yún un bí ẹni tí wọ́n da wèrèpè lé lórí. Wọ́n pààrọ̀ ọṣẹ. Wọ́n pààrọ̀ kànrìnkàn. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé ayé ni.

Àwa ńkọ́? Àwa ọmọ ẹgbẹ́ wò ó, a sì sọ pé iṣẹ́ ni ó ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ẹ mọ àṣà wa: a kì í lọ kí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lọ́wọ́ òfo. Mọ́ọ́tì, mílíìkì inú agolo, àti ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ kan tàbí méjì láti ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́mísì. Àwọn tí ẹgbẹ́ yàn láti máa bẹ aláìsàn wò lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwa tí ń kọ ìwé yìí wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kejì, owó wa sì wà nínú ohun tí wọ́n rà.

Ní ìpàdé wa ti oṣù kọkànlá, bí ó ti ń mu omi lọ́wọ́, ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí gbogbo rẹ̀ fi padà bọ̀ sípò, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí akọ̀wé máa ka ìwé ìṣirò owó rẹ̀ lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ wa nọ́ọ̀sì tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé ilé ìwòsàn ni a ń lọ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. PCV rẹ̀ jẹ́ 61. Dókítà, ọmọdékùnrin kan tí kò tíì tó àkọ́bí Bàbá lọ́jọ́ orí, bèèrè ohun tí ó ń lò nílé. Ìyàwó rẹ̀ tú àpò, ó kó àwọn ìgò wa jáde. Dókítà kò bú wa. Ó kàn tò wọ́n sí ojú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ti kún àkúnya, ẹ sì tún ń bù sí i.” Àwa mẹ́rin tí a tẹ̀lé wọn lọ kò lè wo ojú ara wa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ PCV lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá lọ sílẹ̀ nìkan ni a máa ń gbọ́ ọ, bí aboyún tàbí ọmọ tí ibà ń mú lemọ́lemọ́. Wọn a bu ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a fi ẹ̀rọ yí i kíkankíkan títí àwọn hóró pupa inú rẹ̀ yóò fi sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tí omi ẹ̀jẹ̀ yóò sì tòrò lókè. Bí a bá pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà 100, iye ọ̀nà tí hóró pupa gbà ni PCV. Bí ti ọkùnrin bá ju 49 lọ, tàbí ti obìnrin ju 48 lọ, ó yẹ kí dókítà wá ìdí rẹ̀. 61 túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti ki bí ẹ̀kọ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ki bẹ́ẹ̀ kì í ṣàn geere nínú àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè dì. Bí ó bá dì nínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé. Bí ó bá dì nínú iṣan ọkàn, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá dì ní ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ a wú, èyí tí ó dì náà sì lè gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kí ó pa ènìyàn. Ohun tí a rí ní ìpàdé, rọpárọsẹ̀ ni ó kan ilẹ̀kùn tí ó sì yí padà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pa èyí pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tì ògiri iṣan. Okùn tí wọ́n ń dì mọ́ni ní apá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èyí tí à ń sọ ni iye hóró tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ nìkan ni ó sì lè fi í hàn. Ènìyàn lè ní ọ̀kan láìní èkejì, ó sì lè ní méjèèjì pọ̀, bí Bàbá ti ní wọn. Nítorí náà ẹni tí ó sọ pé òun ti lọ wọn ẹ̀jẹ̀ òun kò tíì mọ nǹkan kan nípa PCV rẹ̀.

Iṣẹ́ hóró pupa ni kí ó ru ọ́síjìn, èyí tí à ń mí sínú, láti ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń ṣe é, ó lé ní mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a sì máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kí ó tó kú. Ta ni ó ń pàṣẹ iye tí wọn yóò ṣe? Kíndìnrín ni. Bí kíndìnrín bá rí i pé ọ́síjìn tí ń dé ọ̀dọ̀ òun kéré, a ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn pé kí ó ṣe púpọ̀ sí i. Orúkọ ìránṣẹ́ náà ni erythropoietin, tí wọ́n ń gé kúrú sí EPO. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ gbogbo ohun tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, nítorí ohunkóhun tí ó bá jẹ́ kí kíndìnrín rò pé ọ́síjìn kù díẹ̀ káàtó, ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi kún un.

Ní 1890, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, dókítà Viault, gun òkè lọ láti Lima sí Morococha ní ilẹ̀ Peru, níbi tí ó ga tó nǹkan bí mítà 4,500, ó sì ń ka hóró ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ó ń lọ, mílíọ̀nù 5 ni ó kà nínú ẹ̀kán tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 8. Afẹ́fẹ́ orí òkè fúyẹ́, ara sì ń wá ọgbọ́n dá sí i. Ọmọ Peru kan, dókítà Carlos Monge, fi hàn ní 1925 pé lára àwọn tí ń gbé lórí irú òkè bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́, àwọn mìíràn wà tí ọgbọ́n náà a máa pọ̀ jù fún, tí yóò sì di àìsàn: ètè wọn a dúdú, orí a fọ́ wọn, oorun kò ní í kùn wọ́n dáadáa.

Bí a ti sọ èyí ní ìpàdé ni ariwo ta. Wọ́n ní àbájọ, òkè Jọ́ọ̀sì ni, kí a kó ẹrù padà sílé. Rárá o. Lóòótọ́ ìlú wa ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ju òkun lọ, ẹni tí ó sì ti Èkó dé síbí lè rí i tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lé díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà kò tó nǹkan. Kò lè sọ 45 di 61. Àwọn Bẹ̀rọ̀m tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí ti wà níbí kí àwa tó dé, òkè kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ohun tí ó yẹ kí a máa bẹ̀rù ní Jọ́ọ̀sì kì í ṣe òkè bí kò ṣe ohun tí òtútù orí òkè ń mú wa ṣe. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbé àdògán eléèédú wọ inú yàrá rí ní oṣù kìn-ín-ní, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì fi aṣọ dí abẹ́ rẹ̀? Èédú tí ń jó nínú yàrá títì a máa tú gáàsì kan jáde tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Gáàsì yìí a máa di hóró pupa mú ju bí ọ́síjìn ti ń di í mú lọ, ó lé ní ìlọ́po 200. Hóró náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù mìíràn ti wà lórí rẹ̀, kò lè ru ọ́síjìn mọ́. Bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò pa ará ilé mọ́ ojú oorun kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá ń jẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kíndìnrín a kígbe, ẹ̀jẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i. Ìkan náà ni èéfín jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sẹ́nu ọ̀nà, ìkan náà sì ni sìgá. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń fa sìgá, kí wọ́n mọ̀ pé òun wà lára ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa ń bèèrè bí PCV ọkùnrin bá ga.

Ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́ fún ìdí sìgá tàbí èéfín igi ìdáná ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà kan náà ni tirẹ̀ ń gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń hanrun kíkan tí mímí rẹ̀ a sì máa dá dúró lójú oorun: ẹ̀yin aya, ẹ̀yin ni ẹ̀ ń gbọ́ èyí, oníhanrun kò mọ̀, kò sì ní gbà bí ẹ bá sọ fún un. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ihò nínú ọkàn, tí ètè àti èékánná rẹ̀ dúdú bí aró, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà lè pọ̀ jù. Nígbà mìíràn sì rèé, kíndìnrín fúnra rẹ̀ ni ó ń pàṣẹ tí kò yẹ, nítorí kókó tàbí jẹjẹrẹ tí ó wà nínú rẹ̀. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, àti fáíbírọ́ọ̀dù inú ilé-ọmọ pàápàá, ṣùgbọ́n ti fáíbírọ́ọ̀dù ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Àwọn ọkùnrin tí ń gba abẹ́rẹ́ testosterone láti fi ní iṣan ńlá, ẹ kíyè sára.

Ó tún wà tí ó jẹ́ ti ìdílé. Ọmọ ilẹ̀ Finland kan, Eero Mäntyranta, gba wúrà méjì nínú eré sísá lórí yìnyín ní ìdíje Òlíńpíìkì ti 1964, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń fura sí i. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ní 1993, àwọn onímọ̀ rí i pé bí wọ́n ti bí i ni, àti pé ọ̀pọ̀ nínú ará ilé rẹ̀ ni ó ní in. Mùdùnmúdùn wọn ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ EPO lágbọ̀ọ́jù.

Ìyá àgbà kan fi ọ̀rọ̀ ìbejì bi wá ní ìbéèrè, a sì ti ṣèlérí láti dá a lóhùn níhìn-ín. Ó ní òun ti rí ìbejì kan rí nílé tí Táyé pupa fòò bí osùn, tí Kẹ́hìndé sì funfun bí ẹfun, wọ́n sì ń sọ pé ọ̀kan ti mu ẹ̀jẹ̀ èkejì nínú ìyá, pé ọmọ burúkú ni. Ìyá, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, irọ́ ńlá sì wà níbẹ̀. Ìbejì tí ó jọra gẹ́lẹ́, tí wọ́n jọ ń lo ibi ọmọ kan ṣoṣo, iṣan inú ibi náà lè so wọ́n pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa ṣàn láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Ọ̀kan a ní ẹ̀jẹ̀ jù, ọ̀kan a ní i kù, méjèèjì ni ó sì wà nínú ewu. Ẹni tí ó gbà á kò jí i, ẹni tí ó pàdánù rẹ̀ kò sì ta á. Púpọ̀ nínú ìbejì Yorùbá, tí gbogbo ayé mọ̀ wá fún, ni kò jọra bẹ́ẹ̀, olúkúlùkù ni ó sì ní ibi tirẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí lójoojúmọ́. Àwọn ìbejì wa tuntun tí a kí lókè, àwọn méjèèjì ni ẹ̀jẹ̀ wọn pé.

Kí a padà sọ́dọ̀ Bàbá. Kò fa sìgá rí láyé rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní omi dáadáa, nítorí ẹni tí omi ara rẹ̀ ti gbẹ, bóyá ìgbẹ́ gbuuru ni tàbí oògùn ìtọ̀ tí wọ́n ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, hóró rẹ̀ lè dà bí ẹni pọ̀ jù nígbà tí ó jẹ́ pé omi ni ó kù. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan wọ́n tún un wò: 60. Wọ́n wo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n ya àwòrán kíndìnrín rẹ̀, kò sí nǹkan. EPO rẹ̀ wá kéré, ìyẹn ni pé kíndìnrín ti dákẹ́ tipẹ́, kò pàṣẹ kankan. Mùdùnmúdùn ni ó ń ṣe é fúnra rẹ̀, bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń pọn omi nígbà tí àmù ti kún tí omi ti ń ṣàn wọ inú yàrá.

Irú àìsàn yìí ni dókítà Vaquez kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀ ní Paris ní 1892, tí dókítà Osler sì ṣàlàyé rẹ̀ síwájú sí i ní 1903. Orúkọ rẹ̀ ni polycythaemia vera. Ṣùgbọ́n ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ tó rí ibi tí ó ti ń wá: àṣìṣe kékeré kan nínú àkọsílẹ̀ inú hóró tí à ń pè ní JAK2, èyí tí ó dà bí ìlẹ̀kùn tí ìkọ́ rẹ̀ ti já, tí kò ṣe é tì mọ́. Nínú ẹni 100 tí ó ní àìsàn yìí, nǹkan bí 95 ni ó ní àṣìṣe náà. Kì í ràn. Kì í ṣe èpè. Nígbà tí ènìyàn ti dàgbà ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọmọ kì í sì í sábà jogún rẹ̀. Ara yíyún lẹ́yìn ìwẹ̀ wà lára àmì rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó Bàbá gbọ́ èyí, ó bú sẹ́kún, nítorí ó ti bá aládùúgbò kan jà lórí ara yíyún náà, wọn kò sì tíì kí ara wọn láti ìgbà náà. A gbọ́ pé ó ti lọ bẹ̀ ẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ yóò ya yín lẹ́nu. Wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ náà dànù ni. Nǹkan bí 450 mílílítà lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgò omi kékeré, títí PCV yóò fi sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ 45. Wọ́n ti dán iye yìí wò ní Ítálì, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2013: nínú ẹni 182 tí wọ́n mú PCV wọn dúró sí abẹ́ 45, ẹni 5 ni àìsàn ọkàn àti iṣan pa tàbí tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lára gidi; nínú ẹni 183 tí wọ́n fi tiwọn sílẹ̀ láàárín 45 sí 50, ẹni 18 ni. Wọ́n tún fún Bàbá ní asipirín kékeré lójúmọ́, àti oògùn kan tí ń jẹ́ hydroxyurea tí ń dá mùdùnmúdùn lọ́wọ́ kọ́. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ti mọ oògùn yìí, òun náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n fi ń rán an lára ọmọ yín yàtọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ara wọn lò.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Bàbá gbọ́ nílé pé wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ àbúrò òun ní òkè-ọya, ó pe tẹlifóònù ní òru. Ó ní wọ́n ń ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Ó ní kí a gbé e wálé ní ọjọ́ kejì. A kò bá a jà, àgbà ni, ìdààmú ọkàn sì ni. A ṣàlàyé fún un pé dídà ni wọ́n ń da ẹ̀jẹ̀ náà nù, pé ìyàwó rẹ̀ rí i lójú ara rẹ̀. Ohun tí ó wá mú un dákẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Láti Jọ́ọ̀sì dé ilé, odindi ọjọ́ ni ènìyàn ń jókòó nínú ọkọ̀, tí ẹsẹ̀ ká jọ, tí a kì í fẹ́ mu omi nítorí kí a má baà máa dá ọkọ̀ dúró. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ti lè dì sí ẹsẹ̀. Dókítà ní kí ó tó 45 ná. Nígbà náà ó lè lọ, kí ó máa mu omi, kí ó sì máa sọ̀kalẹ̀ rìn díẹ̀ níbi tí ọkọ̀ bá gbé dúró.

Àwọn kan tún wá pẹ̀lú ìmọ̀ràn mìíràn. Wọ́n ní bí ó bá ṣe pé ẹ̀jẹ̀ fífà ni, ṣebí wànzámì wà lọ́jà tí ń fi ìwo fà á, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. A bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àwọn wànzámì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ni wọ́n ti fá irun fún. Ṣùgbọ́n wànzámì kò ní ohun tí yóò fi wọn PCV kí ó tó fà á àti lẹ́yìn tí ó bá fà á tán, kò lè mọ̀ bí ìdí rẹ̀ jẹ́ kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀fóró, abẹ kan náà tí ó kan ara ẹlòmíràn sì lè gbé àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí HIV wọ ara ẹni. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n ń fà á fún. Ẹni tí sìgá ń ṣe, kí ó jù ú sílẹ̀. Ẹni tí àdògán ń ṣe, kí ó gbé e síta.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ìgò wa. Ohun tí ó wà nínú púpọ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ni èròjà irin, nítorí irin ni mùdùnmúdùn fi ń ṣe hóró pupa. Bí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀ Bàbá, irin ara rẹ̀ ń dín kù, ìyẹn gan-an sì wà lára ohun tí ń dá mùdùnmúdùn náà dúró. Ìgò kan tí a bá gbé lọ sí ilé rẹ̀ nínú ìfẹ́ lè ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́. A kò sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ burú. Aboyún tí wọ́n fún ní tirẹ̀ ní kílíníìkì, kí ó máa lò ó. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kù, kí wọ́n fún un bí wọ́n ti ní kí wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n orí fífọ́ àti òòyì tí ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ kù ni ó ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ojú lásán kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Ọdún kan gbáko ni a fi ń wo Bàbá lójú tí a ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ.

Nítorí náà, ní ìpàdé tí ó kọjá, a dá a lábàá, ẹgbẹ́ sì fọwọ́ sí i, pé àwọn tí ń bẹ aláìsàn wò kò gbọdọ̀ fi owó ẹgbẹ́ ra oògùn kankan mọ́, bí kò ṣe èyí tí dókítà bá kọ sínú ìwé. Kí wọ́n fi owó náà san gbèsè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Àwọn mẹ́ta kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó tijú láti lọ kí ènìyàn lọ́wọ́ òfo. A gbọ́ wọn. Mọ́ọ́tì kò kúrò nínú ìwé.

Bí a ti ń kọ èyí, PCV Bàbá ti dé 47. Yóò padà lọ fa ẹ̀jẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, òun kò sì gbọdọ̀ gun ọ̀kadà bọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fà á tán. A nílò ẹni tí ó ní ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ gbé e bọ̀. Kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí Ọjọ́rú tó dé. Kò tíì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí náà àwọn tí aṣọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n ní sùúrù. Ọ̀sán a máa gùn fún un. Ọpọ́n ayò wà nílé rẹ̀, ó sì ní kí a sọ fún yín pé òun kò tíì rí ẹni tí yóò pa òun.